Eruku Tí Ojú Kò Rí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Mú

ÌBÉÈRÈ

Káfíńtà ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi sì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ìga Ìdúngánràn, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ẹbí wa. Yàrá náà gùn tó mítà mẹ́rin, ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta. Fèrèsé kan ló ní, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀nà tóóró tí gbogbo aráalé ń gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀dì, wọ́dúróòbù àti kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ni mò ń ṣe. Mo ní ẹ̀rọ ayùn orí tábìlì kan, ẹ̀rọ ìfági kékeré kan, ráútà kan àti sáńdà ọlọ́wọ́ méjì.

Eruku ló fẹ́ lé mi nídìí iṣẹ́ báyìí. Ìyá wa àgbà tó ń gbé lókè ń ráhùn pé eruku ń wọ ìkòkò ọbẹ̀ òun. Aṣọ tí wọ́n bá sá sí àgbàlá, wọ́n á tún un fọ̀ ni. Fáníìṣì tí mo bá kùn kì í dán mọ́. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á, ṣákiṣàki ni. Èyí tó ká mi lára jù ni ọmọṣẹ́ mi kan, ọmọ ọdún 17. Ó ń wúkọ́, ó ní àyà ń fún òun, ṣùgbọ́n bó bá lọ sílé fún ọdún Iléyá, ara rẹ̀ á yá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi owó àjọ ra ẹ̀rọ ńlá aláàpò méjì tó ń fa eruku. Ẹlòmíràn ní kí n kàn gbé fáànù sójú fèrèsé kó máa fẹ́ ẹ síta. Iná ìjọba kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ọmọ yìí ńkọ́, ṣé kí n dá a padà fún àwọn òbí rẹ̀ ni?

Káfíńtà, Ìsàlẹ̀ Èkó

ÌDÁHÙN

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó ọmọ ọlọ́mọ. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ká yín lára ju ọ̀rọ̀ fáníìṣì lọ, nítorí ohun tó ń pa á lára gan-an ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ bá wí. Ẹ má tíì fọwọ́ kan owó àjọ. Ẹ̀rọ aláàpò méjì tí ọ̀rẹ́ yín sọ ní ibi tó ti wúlò, màá sì débẹ̀, ṣùgbọ́n nínú yàrá bíi tiyín, òun kọ́ ló kàn báyìí.

Ìyẹ̀ pákó tí ẹ ń gbá jọ nídìí ẹ̀rọ ayùn ní ìrọ̀lẹ́, bó ti wù kó pọ̀ tó, òun kọ́ ni ọ̀tá. Ó wúwo, kíá ló ń balẹ̀. Bó bá sì wọmú, imú á gbá a mú, èèyàn á sín, yóò jáde. Èyí tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó ni eruku kíkúnná tí kò tó máíkírọ́ọ̀nù 10 ní fífẹ̀. Ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mílímítà kan. Irun orí èèyàn kan fẹ̀ tó nǹkan bíi 70. Ojú kò rí irú eruku bẹ́ẹ̀, àfi bí oòrùn bá ta sí i láti ojú fèrèsé. Èyí tó jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 5, bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, yóò lò tó ìṣẹ́jú 40 kó tó ti ibi gíga mítà méjì balẹ̀. Èyí tó jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo lè lò tó wákàtí 15. Ohun tí ẹ fi sáńdà hà ní alẹ́ àná, ẹ ṣì ń mí in símú ní òwúrọ̀ òní. Káfíńtà tó ń fi ìgbálẹ̀ lé ìyẹ̀ pákó kiri láti àárọ̀, tí kò sì ṣe nǹkan kan sí èyí tó ń fò lófuurufú, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òfin iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí eruku igi líle ju mílígíráàmù 3 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta kan afẹ́fẹ́, tí a bá pín in káàkiri wákàtí mẹ́jọ tí èèyàn fi ṣiṣẹ́. Yàrá yín gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní 3. Bí àjà rẹ̀ bá ga tó mítà 3, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́ta 36. Ìlọ́po mẹ́ta 36 jẹ́ 108. Mílígíráàmù 108 péré, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù, ni eruku tó lè wà lófuurufú gbogbo yàrá yẹn kó tó kọjá òfin. Kò tó ìdajì iyọ̀ tí a fi ìka méjì bù sọ́bẹ̀. Sáńdà ọlọ́wọ́ kan tí kò ní ohun tó ń fa eruku rẹ̀ yóò tú ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó ha ojú ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù kan tán.

N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n n kò ní fi ohun tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pamọ́ fún yín. Ní ìlú High Wycombe, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àga ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà kíyè sí i pé oríṣi jẹjẹrẹ kan tó ń mú inú imú, tó ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwọn èèyàn yòókù, ń mú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àga. Ní 1968, Acheson, Cowdell, Macbeth àti Esme Hadfield, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun níbẹ̀, gbé ìwádìí wọn jáde. Ní 1995, IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára èèyàn. Ó máa ń pẹ́ lọ́dún púpọ̀ kó tó yọjú, kì í sì í ṣe gbogbo káfíńtà ló ń mú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 17 ló wà lọ́dọ̀ yín. Ọdún tó ṣẹ́ kù fún un nídìí iṣẹ́ yìí pọ̀.

Ẹ lè ní àwọn bàbá wa kò lo ẹ̀rọ kankan tó ń fa eruku, wọ́n sì dàgbà dàgbà. Ohun tó ń bọ́ lára irinṣẹ́ tiwọn yàtọ̀. Ẹ rìn láti Ìga lọ sí òpópónà Martins, kí ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Àgùdà, ìyẹn ara àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó, ni João Baptista da Costa tó kọ́ ọ, ọ̀kan nínú àwọn oníṣọ̀nà Pópó Àgùdà tó sọ ilé Èkó di ohun àpéwò. Ayùn ọwọ́ àti ìfági ọwọ́ ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìgbà náà fi ń jẹun. Ìfági ọwọ́ máa ń bó pákó ní ìbó gígùn tó ń ká jọ bọ́ sílẹ̀. Sáńdà oníná ń gbọ̀n ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan; lílọ̀ ló ń lọ pákó kúnná. Wọn kò sì mọ MDF, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́nrán igi tí wọ́n lọ̀ kúnná pọ̀ di pákó: bí ayùn bá ti kàn án, eruku kíkúnná ló ń dà, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó ní formaldehyde nínú.

Igi gidi náà kò dọ́gba. Nínú èyí tó ń tọ àwọn ilé ìlagi wá, yálà ti Oko Bàbá ni tàbí ti Agbówà tí ìjọba ní kí wọ́n kó lọ, mansonia ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ó ń mú èèyàn sín, ó ń mú imú ṣẹ̀jẹ̀, ó ń mú orí fọ́, ó sì ń mú ara yún. Ìrókò ń yọ àwọn kan lára, ó sì lè fa ikọ́ sémìísémìí. Arère fúyẹ́, ó rọ̀, ó rọrùn láti gé, èyí ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn fojú kéré rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ eruku rẹ̀ wà lára èyí tí àwọn dókítà mọ̀ dáadáa pé ó ń fa ikọ́ sémìísémìí. Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ igi tí ẹ fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ikọ́ ọmọ yẹn le. Ìwé yẹn yóò wúlò bí a bá dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sídìí iṣẹ́. Ibi tí eruku ti ń jáde ni kí a ti mú un, kí ó tó rí àyè fò. Sáńdà ló sì kàn, kì í ṣe ayùn.

Ẹ yọ àpò aṣọ kékeré tó wà lẹ́yìn sáńdà yín. Kò di nǹkan kan mú, eruku kíkúnná ń gba ojú aṣọ rẹ̀ jáde ni. Ẹ so hóòsì ẹ̀rọ agbálẹ̀ mọ́ ojú ihò tí àpò náà wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ agbálẹ̀ onígarawa tí wọ́n ń lò nílé ìtajà, èyí tó lè fa omi àti ìdọ̀tí. Bí ẹnu méjèèjì kò bá dọ́gba, rọ́bà táyà inú kẹ̀kẹ́ àti kílíìpù irin á bá yín dí i pa. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú sáńdà kọ òkè kí ẹ wò ó dáadáa. Ihò mẹ́jọ tàbí márùn-ún wà lójú rẹ̀. Sánńpépà tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ọn, ṣé òun náà ní ihò? Ṣé ihò rẹ̀ bá ti ojú sáńdà mu? Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, sánńpépà tí kò ní ihò ni wọ́n ń lò nítorí pé ó dínwó, tàbí kí wọ́n lẹ oníhò láìtọ́, tí ihò kò fi ní pàdé. Bí ihò bá ti dí, ẹ lè gbé ẹ̀rọ agbálẹ̀ tó lágbára jù lọ láyé wá, kò ní rí eruku kan fà. Bí oníhò bá wọ́n, ẹ fi irin gbígbóná lu ihò sí èyí tí ẹ ní, kí ó bá ti ojú sáńdà mu. Lára gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, èyí ló kéré jù lówó, òun ni mo sì rò pé yóò kọ́kọ́ hàn nínú àyà ọmọ yẹn.

Ìṣòro ẹ̀rọ agbálẹ̀ ni pé eruku sáńdà máa ń dí fílítà rẹ̀ kíákíá, agbára rẹ̀ á wá dín kù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Garawa ọ̀dà lítà 20 méjì ló máa yanjú ìyẹn. Ẹ wá èyí tó nípọn, tí ìdérí rẹ̀ sì le gan-an. Ẹ lu ihò méjì sí ìdérí: ọ̀kan láàárín gbùngbùn, ìkejì lẹ́bàá etí. Hóòsì tó ń bọ̀ láti sáńdà ni kó wọ ti ẹ̀bá etí, kí ẹ fi páìpù onígun kan yí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ ìdérí kó máa fẹ́ gba ara ògiri garawa yípo, kó má dojú kọ ìsàlẹ̀. Ti àárín ni kí hóòsì tó ń lọ sí ẹ̀rọ agbálẹ̀ wọ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé yóò máa yí po. Èyí tó wúwo nínú eruku á fara gbá ògiri, á sì ṣàn bọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ti ṣẹ́ ìdọ̀tí dànù á gba àárín jáde. Garawa kejì, ẹ fi ti àkọ́kọ́ bọ inú rẹ̀ kó lè gbé e ró, nítorí bí hóòsì bá dí lójijì, garawa kan ṣoṣo lè rún wọlé. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sílíkónì dí gbogbo ojú àlàfo. Ihò tín-ín-rín tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ nìyẹn. Kí ó tó kún dé ìdajì ni kí ẹ máa dà á nù.

Garawa kò lè mú èyí tó kúnná jù lọ, fílítà inú ẹ̀rọ agbálẹ̀ ló ń mú ìyẹn. Ẹ béèrè fílítà HEPA tàbí àpò bébà tó bá ẹ̀rọ yín mu, kí ẹ má ṣe lo èyí tó jẹ́ fóòmù nìkan. Fóòmù, ti omi ni.

Ẹ̀rọ ayùn orí tábìlì ló tẹ̀ lé e. Ẹ fi pílíwúdù bo abẹ́ rẹ̀ yíká kó di àpótí, kí ìsàlẹ̀ àpótí náà dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí ojú ihò kan tó fẹ̀ tó mílímítà 100. Ẹ má dí ibi tí mọ́tò fi ń mí o. Ìyẹn yóò mú èyí tó ń bọ́ sílẹ̀. Àmọ́ eyín ayùn tún ń gbé eruku gòkè, ó sì ń fọ́n ọn sójú ẹni tó ń ti pákó, èyí gan-an ló ń wọmú. Nítorí náà, ẹ ṣe ìbòrí sórí ayùn, kí ẹ so hóòsì kékeré mọ́ ọn. Ìka yín náà yóò jàǹfààní rẹ̀. Ti ráútà kò le, àpótí kékeré lẹ́yìn ibi tí ẹ ń ti pákó sí, hóòsì kan náà. Ẹ̀rọ ìfági ń da nǹkan púpọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbó ńláńlá ni. Ẹ gbé e súnmọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹ gbé àpò sí i lẹ́nu, ó tó fún ìsinsìnyí.

Mo ti wá dé ìdí ẹ̀rọ ńlá ọ̀rẹ́ yín. Ẹ̀rọ agbálẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ó bá sáńdà àti ráútà mu. Ẹ̀rọ aláàpò ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ le. Ó bá ẹ̀rọ ayùn àti ìfági mu. Kí eruku má bàa jókòó sínú páìpù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sáré tó mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú páìpù mílímítà 100, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́ta 565 ní wákàtí kan. Iye tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n láìso páìpù tàbí àpò mọ́ ọn. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó lè jẹ́ ìdajì rẹ̀ lẹ máa rí. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á, ohun kan ni kí ẹ bi ọlọ́jà: àpò òkè yìí, máíkírọ́ọ̀nù mélòó ló lè dì mú? Ọ̀pọ̀ èyí tó dínwó, 30 ni. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ń di ìyẹ̀ mú, ó wá ń tú èyí tó kúnná sínú yàrá pẹ̀lú agbára mọ́tò. Yàrá yín á mọ́ lójú, èémí ibẹ̀ á sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àpò máíkírọ́ọ̀nù kan tàbí fílítà alágolo ni kí ẹ bá a rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi owó yín sápò.

Páìpù funfun ìnṣì mẹ́rin tí àwọn púlọ́mbà fi ń gbé omi ìdọ̀tí yóò ṣe é. Wọ́n ń tà á rẹpẹtẹ ní Orílé. Kí ó kúrú. Níbi tó bá ti máa yà, ẹ lo ìgun pẹlẹpẹlẹ méjì dípò ìgun gbọn-in kan, kí hóòsì tó ń ká má sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ojú inú rẹ̀ tó rí wúruwùru ń fa afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dá ògiri ilé ẹbí yín lu nítorí páìpù láìjẹ́ pé onímọ̀ ilé kíkọ́ wò ó. Ilé Ìsàlẹ̀ Èkó ti gbó, gbogbo wa la sì rántí Ìta Fáájì ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé tó wó lu àwọn ọmọ ilé ìwé.

Fáànù ojú fèrèsé ńkọ́? Bí kò bá sí ohun tó ń sẹ́ eruku kó tó jáde, ẹ kàn ń gbé e láti inú ṣọ́ọ̀bù lọ sínú ìkòkò Ìyá àgbà ni. Ní ibi tí ilé gbé ń fara kan ilé bíi tiyín, kò sí "ìta". Àgbàlá ẹlòmíràn ni. Afẹ́fẹ́ òkun ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, ọyẹ́ á sì yí i padà láti àríwá ìlà-oòrùn, nítorí náà ẹni tí kò bá yín jà nínú oṣù Keje lè bá yín jà nínú oṣù Kìíní. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí ẹ yí fáànù náà padà sínú yàrá. Ní 2020, Richard Corsi àti Jim Rosenthal ní Amẹ́ríkà dábàá àpótí tí wọ́n fi fílítà mẹ́rin ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí fáànù wà lórí rẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ gba ojú fílítà kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kábínẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni àpótí yẹn, bí ẹ bá ti rí fílítà ẹ̀rọ amúlétutù tó dára rà. Ó ń mú èyí tó bọ́ mọ́ hóòsì lọ́wọ́; kò lè rọ́pò hóòsì.

Ní ti iná, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó ra ohunkóhun. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráyé ń pè ní "I better pass my neighbour" kò gbé ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ. Ẹ̀rọ agbálẹ̀ nìkan lè jẹ 1,200, sáńdà á tún jẹ 300 lé e. Mọ́tò ẹ̀rọ aláàpò, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ń fa tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà iná tó ń lò bó bá ti ń yí. Bí jẹnẹrétọ̀ yín kò bá tó 3.5 kVA, òun ni kí owó àjọ kọ́kọ́ bá yanjú. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ni kí ẹ máa kọ́kọ́ tàn, kí ẹ jẹ́ kó rìn dáadáa kí ẹ tó tan sáńdà, kí ó sì ṣì máa ṣiṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa sáńdà. Kí jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ jìnnà sí fèrèsé gbogbo èèyàn. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn kíá ju eruku lọ.

Ní ọjọ́ tí kò bá sí iná rárá, ẹ wá irin pẹlẹbẹ tí àwọn àgbà fi ń ha pákó, èyí tí wọ́n ń pọ́n etí rẹ̀ kó mú. Ìbó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń bó, kì í fò. Bí ẹ bá fi ha igi gidi dáadáa, sánńpépà díẹ̀ ló kù kí ẹ fi pa á.

Eruku igi tó gbẹ, tó sì kúnná, ń jó bí ó bá fò sókè pọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 2015, ilé iṣẹ́ tó ń lọ igi kúnná ní Bosley, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bú gbàmù, èèyàn mẹ́rin sì kú. Tiyín kò lè tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iná kékeré tó fara pamọ́ sínú àpò eruku lè sùn títí di òru kó tó dìde, ẹ sì rí bí iná ṣe ràn láti ilé dé ilé ní ọjà Balógun nínú oṣù Kọkànlá 2019. Pákó àlòkù máa ń ní ìṣó. Ayùn tó bá kan ìṣó ń mú kí ẹ̀ta iná ta, hóòsì á sì fà á lọ. Ẹ yọ ìṣó gbogbo kí ẹ tó gé e. Ẹ má fi ẹ̀rọ kan náà fa ohun tó ń bọ́ lára irin tí ẹ ń lọ̀. Àkísà tí ẹ fi nu òróró linseed tàbí òróró mìíràn tí ẹ fi kun igi, ẹ tẹ́ ẹ kalẹ̀ níta kó gbẹ, ẹ má ká a jọ, nítorí ó lè dá iná sí ara rẹ̀. Kí àpò eruku má sun inú ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ yẹn náà ńkọ́, ṣé inú ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn? Ẹ kò sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ń tẹ́ ẹní sáàárín pákó. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, alẹ́ òní gan-an ni kí ẹ wá ibòmíràn fún un. Eruku tí mo ní ó lè lo wákàtí 15 lófuurufú, orí oorun ló ti ń mí in.

Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ara yín tàbí ilẹ̀. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe ní àárọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá máa kun fáníìṣì, ẹ má tan sáńdà rárá. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ nu ara pákó pẹ̀lú aṣọ ọ̀rinrin, ẹ ó rí i pé ṣákiṣàki yẹn á dín kù. Ìyẹ̀ pákó, ẹ má dà á sí gọ́tà, òjò Erékùṣù ò nílò ìrànlọ́wọ́ láti dí i. Àwọn tó ń sin adìyẹ máa ń wá ìbó igi gidi. Ti MDF, ẹ dì í sínú àpò fún àwọn akódọ̀tí.

Ìbòmú ni mo fi sẹ́yìn nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Kò rọ́pò hóòsì, ṣùgbọ́n ó pọn dandan títí ẹ ó fi ṣètò gbogbo èyí. N95 tàbí FFP2 ni kí ẹ rà, olókùn méjì tó ń gba ẹ̀yìn orí. Aṣọ tí a so mọ́mú àti ìbòmú pẹlẹbẹ ti ọsibítù kò gba eruku kíkúnná dúró. Ẹ tẹ irin orí imú rẹ̀ kó fún, kí ẹ sì mọ̀ pé irùngbọ̀n ń jẹ́ kó jò létí. Bí ẹ bá dá irùngbọ̀n sí nítorí ẹ̀sìn, ìbòrí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ sójú wà, ó wọ́n, kò sì nílò kó fún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má yọ ìbòmú ní kété tí ẹ̀rọ bá dákẹ́.

Ọmọ yẹn, ẹ má dá a padà. Ikọ́ tó ń le ní ọjọ́ iṣẹ́, tó sì ń rọlẹ̀ bí èèyàn bá kúrò nídìí iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sábà máa ń jẹ́ àmì ikọ́ sémìísémìí tí iṣẹ́ fà. Bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, ó ń gbọ́ ìtọ́jú. Bí ó bá pẹ́ nínú eruku, ó lè má lọ mọ́. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà kò jìnnà sí yín. Ẹ bá a lọ fúnra yín, kí ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání, kí ẹ sọ fún dókítà irú igi tí ẹ ń lò, ẹ má gbàgbé MDF àti fáníìṣì. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ihò imú kan ṣoṣo tó ń dí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ sọ ìyẹn náà.

Títí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀, kó má fọwọ́ kan sáńdà tàbí ayùn, kó má sì gbálẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní ìwọ̀n gbígbà, yíya àwòrán kábínẹ́ẹ̀tì, síso íńjì àti títo iṣẹ́ sára ògiri ní ilé oníbàárà. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń mówó wọlé. Kí ẹ sì pe àwọn òbí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn lẹ́nu ara yín ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sí i.